Ẹ̀rọ Omi Tí A Fi Tapólì Bò

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo kírun àsùbáà tán, tí mo wé gèlè, tí mo sì ki lẹ́tà kan bọ inú fáìlì kó má bàa rún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kọ ọ́, nítorí Alága ẹgbẹ́ wa ní ìkíni inú ti àkọ́kọ́ kò tó fún ènìyàn ńlá. Olóyè kan ní Iléṣà la kọ ọ́ sí. A ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá wa ṣí ẹ̀rọ omi wa ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tí a ń gbin ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni gbogbo wọn ṣì ń pè mí, torí náà èmi ni wọ́n ní kí n lọ fi í lé e lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti rí kí n tó jáde nílé. Ọdún méjì la fi dá owó jọ, àwa mẹ́rìndínlógún, nítorí ẹ̀rọ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ń mu bẹntiróò bí ẹni pé ó ń bá wa jà, títí a fi pa á tì. Tuntun yìí kò mu bẹntiróò rárá. Pátákó dúdú mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní sólà ló wà lórí irin, wọ́n kọjú sókè. Oòrùn tó bá ta sí wọn lára ló ń di iná, iná náà ló ń yí ẹ̀rọ tó wà nínú kànga, omi á gòkè sínú táńkì, á sì gba inú rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ lọ sí ìdí ẹ̀fọ́ wa. Wọ́n tún fi sìmẹ́ńtì mọ ọpọ́n gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti parí gbogbo rẹ̀. Wọ́n tàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a rí i. Omi tú jáde, a pariwo, a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dunnú ni Alága ní, "Ó tó, ẹ pa á." Ó ní ọwọ́ àlejò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án. Ó ń retí pé bí Olóyè bá wá, tí inú rẹ̀ sì dùn, á bá wa fi wáyà yí oko ká. Ni wọ́n bá fi tapólì búlúù bo pátákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n fi okùn so ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń so àgbò iléyá. Mi ò ní purọ́: èmi gan-an ni mo dúró tì wọ́n tí mo ń sọ pé kí wọ́n so ó le.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Ìyá Kúdí. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́, nínú gbogbo wa oko tirẹ̀ ló sì jìnnà sí odò jù. Ó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí, aṣọ rẹ̀ ti tutù dé àyà.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé wọ́n ti mú ọjọ́?"

"Wọn ò tíì mú un. Lẹ́tà ni mo ń gbé lọ fún àlejò wa yìí."

"Tòmátì mi ń kú lọ o. Ìlà mẹ́fà ti gbẹ pátápátá. Tíṣà, ṣé a ò lè ká tapólì yẹn fún wákàtí kan péré, kí a dá a padà? Ta ló máa mọ̀?"

"Ìyá Kúdí, má dójú ti ẹgbẹ́. Ṣe sùúrù díẹ̀ sí i."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ, omi ń kán tẹ̀lé e lẹ́yìn. Inú bí mi sí i. Mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí kò ní àmúmọ́ra rárá.

Ọ̀kadà gbé mi dé gáréèjì Iléṣà ní Òṣogbo. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni owó ọkọ̀, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n sì ń kó sẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún mẹ́ta. Mo bi awakọ̀ léèrè bóyá àpò gàrí ló pè wá. Ó ní, "Màmá, ẹ sún díẹ̀, gbogbo wa la jọ ń lọ." Ìdajì ìdí mi wà lórí àga, ìdajì yòókù wà nínú afẹ́fẹ́. A kò tíì jìnnà sílùú tí ihò ojú títì bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà sì ń wa ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, títí orí mi fi gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní kí n má bínú.

Ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo rí ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é sára rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Orúkọ náà pupa, ó ń dán. Koríko ti bo ẹnu ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

"Ṣé èyí ń yọ omi?" Mo bi awakọ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ló yọ, màmá. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n fún wa ní fìlà."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bú ẹni tó kọ orúkọ, mo bú ẹni tó gba fìlà, mo sì bú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n rọra, kí ẹ̀jẹ̀ mi má bàa ru. Mo ní ó ti ru tẹ́lẹ̀.

Ó ti tó aago mẹ́jọ ààbọ̀ nígbà tí a wọ Iléṣà. Àwa ará Òṣogbo kò mọ bí a ṣe ń gun òkè. Ní Iléṣà, bí èèyàn bá fẹ́ ra iyọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé á gun ọ̀kan ná. Ebi ń pa mí, mo wọ búkà kan, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nílé láàárọ̀. Obìnrin tó ni búkà wò mí bí ẹni wo aláìsàn. Ó ní iyán ti délẹ̀. Iyán, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀! Mo ní ṣé ìlú yìí kò ní àárọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, mi ò sì lè parọ́ mọ́ ọn: ó funfun, ó ń fà, mo lá ọwọ́ mi.

Géètì Olóyè ga ju ògiri ilé-ìwé tí mo ti kọ́mọ lọ. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ kò jẹ́ kí n wọlé, ihò kékeré kan ló gbà bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní Olóyè kò sí nílé, pé wọ́n ń lọ ṣí omi sólà ní abúlé kan lónìí, kí n kúkú lọ pàdé wọn níbẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ó mà bọ́ sí i o: màá fún un ní lẹ́tà, màá sì tún rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò náà, kí n lè ròyìn fún Alága, kí tiwa má bàa rẹlẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ni ọlọ́kadà gbà. Ó ní ulé Lọ́jà lòun máa já mi sí. Ulé ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé, Lọ́jà sì ni wọ́n ń pe baálẹ̀ wọn. Oko kòkó ló wà lọ́tùn-ún lósì, ewé rẹ̀ ti pọ́n nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. A kọjá odò kékeré méjì. Ọ̀kan ti gbẹ, ẹrẹ̀ ló kù nínú èkejì, àwọn obìnrin mẹ́ta sì bẹ̀rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n ń fi abọ́ gbọ́n omi sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo bi ọlọ́kadà pé ṣé abúlé tí wọ́n ń ṣí omi fún lónìí náà ni wọ́n ti wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kánópì mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú àga oníke rẹpẹtẹ àti orin ìyìn tó ń dún kíkankíkan. Àwọn èèyàn ti wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Níwájú, pátákó sólà mẹ́jọ dúró, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n, wọ́n sì so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ọpọ́n ìmumi ẹran tiwọn gùn ju tiwa lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn bí ogún ni wọ́n so mọ́ èèkàn yí ọpọ́n gbígbẹ náà ká. Mo bi obìnrin tó jókòó tì mí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Dúpẹ́, pé kí ló dé tí wọ́n so wọ́n sínú oòrùn.

"Kí wọ́n lè mumi nígbà tí Olóyè bá ṣí i ni, Yèyé." Yèyé ni wọ́n ń pe ìyá. "Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Láti àná a ò tíì fún wọn lómi, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n dáadáa."

"Láti àná?"

"Wọ́n ní bí òùngbẹ ò bá gbẹ wọ́n, wọn ò ní sáré sí i."

Mo ní ìgbà wo ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà tán. Ó ní ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n ń ta kánópì fún Olóyè nìyí. Ata rodo rẹ̀ tó gbìn sẹ́yìn ilé, gbogbo rẹ̀ ti kú. Lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yìí gan-an ló ń gbà kọjá bó bá ru omi ẹrẹ̀ bọ̀ láti odò. Ó ń sọ ọ́ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kò tiẹ̀ bínú. Ó fún mi ní ẹ̀pà.

Aago mọ́kànlá lù, Olóyè kò dé. Ó di méjìlá. Oúnjẹ wà nínú kúlà, iyán àti ẹran, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án kí Olóyè tó dé. Omi inú ọ̀rá wà níbẹ̀ ní àpò àpò, wọ́n ní ti àlejò ni. Kí aago kan tó lù, àgùntàn abo kan tó lóyún ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ahọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Màmá Dúpẹ́ ló ni ín. Ó ń wò ó, ó ń fọwọ́ nu ojú, síbẹ̀ kò dìde.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin tó ń darí ètò gba ìpè kan lórí fóònù. Ó gbé gbohùngbohùn. Ó ní Olóyè kí gbogbo ilé, Olóyè ò lè wá mọ́, iṣẹ́ pàjáwìrì gbé wọn lọ sí Àbújá, wọ́n á mú ọjọ́ mìíràn láìpẹ́. Ó ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Olóyè. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Mo fi ojú ara mi rí i. Màmá Dúpẹ́ náà pàtẹ́wọ́.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo dìde, mo gba àárín àga kọjá lọ bá Lọ́jà níbi tó jókòó sí. Bàbá arúgbó ni, fìlà rẹ̀ mọ́, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún méjèèjì.

"Bàbá, ẹ dákun," mo ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn mi kò jọ ti ẹni tó ń ní kí wọ́n dákun. "Omi wà nílẹ̀, oòrùn wà lókè, ẹ̀rọ wà níbí. Aṣọ lásán ló dí i! Oṣù mẹ́ta! Ata obìnrin yẹn ti kú, àgùntàn rẹ̀ ń kú lọ lójú gbogbo yín, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́! Irú kí leléyìí? Ṣé Olóyè ló ni oòrùn ni?"

Wọ́n ti pa orin. Gbogbo ojú wà lára mi.  Lọ́jà kò bínú, ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu.

"Yèyé, níbo lẹ ti wá?"

"Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Òṣogbo."

"Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ wá rí?"

"Olóyè náà ni."

"Lórí kí ni?"

  Mo ṣí báàgì, mo fa fáìlì yọ, mo fún un ní lẹ́tà. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á tán, ó ká a bó ṣe wà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

"Kí lẹ fi bo tiyín?"

"Tapólì."

"Olóyè ṣèlérí táńkì kejì fún wa. A ń rò ó pé bí a bá ṣí i lẹ́yìn rẹ̀, á bínú, kò ní mú un wá mọ́. Kí ni tiyín?"

"Wáyà. Wáyà tí a máa fi yí oko ká."

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá."

Ó mi orí. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

 Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Mo padà lọ síbi tí Màmá Dúpẹ́ wà. Ó ti dìde wàyí, ó ti já omi inú ọ̀rá kan, ó ń ta á sẹ́nu àgùntàn rẹ̀. Mo já òmíràn. Àwọn obìnrin yòókù wò wá, wọ́n wo Lọ́jà, Lọ́jà ń wo ilẹ̀, ni àwọn náà bá dé. A fi eyín fa ọ̀rá omi àlejò ya ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń dà á sínú ọpọ́n fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó lè fa omi kún ọpọ́n náà kí èèyàn tó kà dé ọgọ́rùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan aṣọ funfun náà. Èmi náà kò fọwọ́ kàn án. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Wọ́n bu iyán fún mi, ó ti tutù, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo dágbére, mo gun ọ̀kadà padà sí Iléṣà, mo sì wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Èèyàn mẹ́rin náà la tún wà lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bá awakọ̀ sọ nǹkan kan.

Mo fẹ́ bínú sí Olóyè, ó sì tọ́ kí n bínú sí i. Ẹni tó fi èèyàn jókòó sínú oòrùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ṣe é dárí jì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rò ó, mi ò rántí ọjọ́ kan tó sọ fún wa pé kí a bo nǹkan kan. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ní ẹ̀rọ. Àwa la rà á, àwa la bò ó, èmi ni mo ní kí wọ́n so ó le, èmi náà ni mo kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìkíni. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyá mi gbẹ́ kòtò omi kan sínú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kan omi, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́n igbá kan, ó dà á sídìí ẹ̀fọ́, ó gbọ́n òmíràn. Níbo la ti wá kọ́ èyí tí à ń ṣe yìí? Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò náà kò ju ìyẹn lọ, pé a ti sọ ara wa di ẹni tó ń tọrọ àṣẹ lórí ohun tó jẹ́ tiwa, a sì ń pe ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní aláìnísùúrù.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Mi ò yà sílé. Mo pe Alága lórí fóònù bí mo ṣe ń lọ sóko.

"Tíṣà, ṣé Olóyè gbà?"

"Mi ò fún un. Mo ń lọ ká tapólì."

"Ẹ̀yin nìkan? Tíṣà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni o! Wáyà ńkọ́?"

"Ẹ pe ìpàdé lọ́la. Èmi ni akọ̀wé, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ká a."

Ìyá Kúdí ṣì wà lóko. Nígbà tó rí mi tí mo ń tú okùn, ó sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó sì sáré wá.  Ìdè náà le, wọ́n so ó bí mo ṣe ní kí wọ́n so ó; ọ̀bẹ tó fi ń gé ẹ̀fọ́ ló fi gé e. A wọ́ tapólì sílẹ̀. Oòrùn ti ń lọ, mo ń bẹ̀rù pé kò ní tó, mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kùn nísàlẹ̀. Rọ́bà súfèé, ó wúkọ́, omi pupa yọ, lẹ́yìn náà èyí tó mọ́. Kò lágbára bíi ti ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ewúrẹ́ ẹnìkan ti gbọ́ ọ, ó ti dé ìdí ọpọ́n.

A jọ tẹ̀lé rọ́bà dé oko rẹ̀. Omi ń kán sídìí tòmátì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ní yóò máa kán. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ ti di igi gbígbẹ, ó ń kán sídìí wọn náà.

"Tíṣà," Ìyá Kúdí ní, "omi yìí ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n tàn án?"

"Ó ti wà níbẹ̀."

 Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tòmátì tó kú tu. Mo lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo tẹ̀lé e, mo sì ń ṣa igi tòmátì sínú rẹ̀ bó ṣe ń jù wọ́n sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì náà kún lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí oòrùn tó wọ̀.